Irun Tí À Ń Fi Iná Jó Dànù

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tíì da itọ́ mì, ọ̀rọ̀ ẹran inú ọbẹ̀ kọ́. Irun ara rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Bí wọ́n bá ti pa ewúrẹ́ nínú ilé yín rí, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Wọ́n á kó igi jọ, wọ́n á dáná, ẹnì kan á di ẹsẹ̀ ẹran mú, á máa yí i lórí ọwọ́ iná. Irun á máa ta ṣẹ́ṣẹ́, á ká kò, á dúdú, wọ́n á wá máa fi ọ̀bẹ ha á. Òórùn yẹn ò jọ ti ẹran sísun rárá. Ó máa ń gún ni nímú, aṣọ tí èèyàn wọ̀ síbẹ̀ á sì máa rùn ún títí di ọjọ́ kejì. Imí ọjọ́ ló ń jó nínú irun yẹn. Imí ọjọ́ kan náà ni àwọn ìyá wa ń pò mọ́ ọṣẹ dúdú fún ọmọ tí ara ń yún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òórùn náà kúrò nímú yín títí tí n ó fi parí ọ̀rọ̀.

Ìpè kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan tó ń sin adìyẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ní ewúrẹ́ mọ́kànlá lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní irun ewúrẹ́ ń di owó ńlá lókè òkun. Methionine tí mò ń fi sínú oúnjẹ adìyẹ yìí, tí mo bá ń bu díẹ̀ sí tiwọn náà, ṣé irun wọn ò ní hù dáadáa?” Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni mo tó rí i pé ìbéèrè náà kúrò ní ti ẹ̀rín. Ọkùnrin yìí ti dé ẹnu ọ̀nà ohun tí àwọn onímọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ilẹ̀kùn ló ṣì kàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ewúrẹ́ tí irun rẹ̀ ń di owó. Èyí tó lókìkí jù ni Angora. Ìlú Ankara, tó jẹ́ olú ìlú Tọ́kì lónìí, ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀. Angora ni wọ́n ń pe ìlú náà nígbà kan. (Àwa náà ní ànkárá tiwa tí à ń fi ṣe aṣọ ẹbí, àmọ́ ìyẹn ò bá ewúrẹ́ kankan tan.) Irun Angora gùn, ó ká wálẹ̀ ní ìṣù-ìṣù bíi ti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ onírun dé, ó sì ń dán bíi síliki. Mohair ni orúkọ irun náà. Ẹ má ṣì í mú o: èyí tí wọ́n ń tà lórúkọ angora nínú ọjà aṣọ, irun ehoro ni.

Àwọn ará Tọ́kì fọwọ́ mú ewúrẹ́ yìí mọ́ra gan-an. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ni pé ní 1838, òbúkọ 12 àti abo kan ṣoṣo ni wọ́n kó wá sí ilẹ̀ wọn nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó kó ẹran náà sílẹ̀ ti gbọ́n ju ẹni tó rà á lọ: wọ́n ti ba àwọn òbúkọ méjèèjìlá jẹ́, kò sí èyí tó lè fún ẹran lóyún mọ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé oyún ti wà nínú abo yẹn. Ojú omi ló bí sí, akọ ló sì bí. Ìyá àtọmọ yìí ni wọ́n fi dá agbo sílẹ̀. Lónìí, nǹkan bí ìdajì gbogbo mohair ayé ló ń ti Gúúsù Áfíríkà jáde, pàápàá láti ilẹ̀ gbígbẹ Karoo ní Eastern Cape. Lesotho tó wà láàrin ikùn wọn náà ń kó tirẹ̀ wá sọ́jà, bẹ́ẹ̀ náà ni Texas ní Amẹ́ríkà.

Irú kejì ni ewúrẹ́ kaṣimíà, tí wọ́n ń sìn ní Mongolia, ní àríwá Ṣáínà, àti lórí òkè Ladakh ní Íńdíà. Tirẹ̀ yàtọ̀. Irun líle ló wà lókè ara rẹ̀. Abẹ́ irun líle yìí ni òwú tín-ín-tín máa ń hù sí bí òtútù bá ti ń bọ̀. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á fi òòyà ya òwú náà kúrò lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rí lára ẹran kan láàrin ọdún kan kì í sábà ju nǹkan bíi 200 gíráàmù lọ. Angora tó ti dàgbà, tí wọ́n ń rẹ́ irun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lè fún olówó rẹ̀ ní kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ kaṣimíà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo ra aṣọ kan lọ́jà tí wọ́n pè ní kaṣimíà, mo fi rán bùbá àti ṣòkòtò. Ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, oòrùn ń ràn, ó sì gbóná lára mi bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀rá wé ara. Nígbà tí mo délé, mo fá òwú díẹ̀ létí rẹ̀, mo ṣáná sí i. Ó yọ́, ó kán tótó, ó gan paali. Kò rùn bí irun. Irun ẹran, iná kì í yọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Á jó, á di eérú tí ọwọ́ lè fọ́, á sì rú òórùn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ olówó ńlá, ṣáná kan ṣoṣo tó láti dájọ́ fún yín.

Ó dáa. Kí ni imí ọjọ́ ń wá nínú irun? Púrótéènì ni irun, èyí tí wọ́n ń pè ní keratin, ọ̀kan náà tó wà nínú èékánná, pátákò àti ìyẹ́. Nínú 100 gíráàmù irun tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, bíi gíráàmù mẹ́ta ni imí ọjọ́. Òun ló ń so àwọn fọ́nrán inú irun mọ́ ara wọn tí irun fi ń le, tí kì í já. Ẹ̀yin onídìrí tí ẹ ti ṣe jẹ́rì kọ́ọ̀lù rí, ìdè yẹn gan-an ni oògùn yín ń tú kí ẹ tó ká irun oníbàárà sára rólà. Èkejì tí ẹ ń fi sí i ló ń dì í padà.

Gbogbo púrótéènì, inú àwọn ohun kéékèèké tí wọ́n ń pè ní amino acid ni ara ti ń kó o jọ. Nǹkan bí ogún ni wọ́n. Méjì nínú wọn ló ní imí ọjọ́ nínú: methionine àti cysteine. Ara ẹran lè sọ methionine di cysteine, kò sì lè sọ cysteine di methionine. Ẹ wo ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn tó ń hun òfì aláwọ̀ mẹ́ta. Bí òwú pupa rẹ̀ bá tán, kódà kí òwú funfun àti dúdú kún yàrá, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Kò lè fi funfun dí àyè pupa. Lórí irun, òwú pupa ni methionine àti cysteine. Koríko tí ewúrẹ́ ń jẹ ní àwọn yòókù dé ìwọ̀n. Méjì yìí ló kọ́kọ́ máa ń wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó pè mí ṣe rò ó, kò sì ṣìnà níbẹ̀. Ibi tó ti ṣìnà ni ṣàkì.

Gbogbo wa la mọ ṣàkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ̀ ọ́ mọ gbogbo ìnira rẹ̀. Kó tó dé orí igbá alápatà, kí lẹ rò pé ó ń ṣe nínú ẹran? Adìyẹ gbé oúnjẹ mì, òun fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ gbé oúnjẹ mì, ó bọ́ sínú ṣàkì, níbi tí kòkòrò àìrí tí kò níye ti ń dúró dè é. Àwọn yẹn ló kọ́kọ́ ń jẹun. Wọ́n ń jẹ koríko líle tí ikùn èèyàn ò lè ṣe nǹkan kan sí, wọ́n ń tú púrótéènì palẹ̀, wọ́n ń fi èyí tó wù wọ́n kọ́ ara tiwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣàn lọ sí ikùn tó gbẹ̀yìn, níbi tí omi kíkan ti máa pa wọ́n, ewúrẹ́ á wá jẹ àwọn tó jẹ oúnjẹ rẹ̀. Inú ara àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni ẹran ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú púrótéènì rẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni amino acid onímí-ọjọ́ tó wà lára wọn, kò tó èyí tí irun ń béèrè.

Ẹ wá bu ìyẹ̀fun methionine funfun tó ń rùn yẹn sínú oúnjẹ ewúrẹ́. Àwọn ará inú ṣàkì á pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Owó tí ẹ ná, àwọn kòkòrò lẹ fi ṣe lálejò.

Ọdún 1963 ni ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Àwọn onímọ̀ méjì ní Australia, Reis àti Schinckel, fi rọ́bà tín-ínrín gba ẹ̀gbẹ́ àgùntàn wọ inú ikùn tó gbẹ̀yìn, wọ́n wá ń da cysteine tàbí methionine síbẹ̀ tààrà láì gba ti ṣàkì kọjá. Gíráàmù mélòó kan péré lójúmọ́, irun àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í yára hù, imí ọjọ́ inú rẹ̀ náà sì lé sí i. Wọ́n ti mọ̀ nígbà náà pé àgùntàn lè hu irun ju bó ṣe ń hù ú lọ. Ohun tó kù ni bí wọ́n ṣe máa tan àwọn ará ṣàkì, torí kò sí àgbẹ̀ tó máa ti rọ́bà bọ ẹ̀gbẹ́ ẹgbẹ̀rún ẹran.

Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́kọ́ dá lọ́dún 1967 ya èèyàn lẹ́nu. Formalin ni wọ́n mú, àní oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, wọ́n fi díẹ̀ kan púrótéènì inú wàrà. Kòkòrò inú ṣàkì ò rí i tú mọ́. Bó ṣe dé inú omi kíkan, ó tú fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lóde òní mọ́ tónítóní ju ìyẹn lọ: hóró methionine tí wọ́n fi ọ̀rá tàbí ohun mìíràn tí kì í yọ́ nínú ṣàkì bò, bí ewé eéran ti ń bo ẹ̀kọ. Ikùn tó gbẹ̀yìn ló máa ń tú ewé náà.

Ó tún ku èyí tó rọjú díẹ̀. Ní yunifásítì Langston ní Oklahoma, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1897 fún àwọn aláwọ̀ dúdú, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn lórí ìwádìí ewúrẹ́, wọ́n gbé àbájáde kan jáde ní 1992. Wọ́n fi imí ọjọ́ inú iyọ̀ kún oúnjẹ Angora, mohair wọn sì lé sí i. Kòkòrò àìrí kan náà tó ń jí methionine jẹ lè fi imí ọjọ́ lásán ṣe methionine, bí ẹ bá fún un ní púrótéènì tó tó mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé Angora ń fẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n nítrójìn méje sí imí ọjọ́ kan, ìyẹn ni pé imí ọjọ́ tó ń fẹ́ ju ti àgùntàn lọ. Àwọn kan ń fi ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ooru líle sè, tí wọ́n sì lọ̀, kún oúnjẹ ẹran wọn. Cysteine pọ̀ nínú rẹ̀, ṣàkì ò sì rí i jẹ púpọ̀. Ìyẹ́ di irun nìyẹn. Ní Texas, kóró òwú tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ni wọ́n ń gbára lé látọjọ́ pípẹ́.

Wàyí o, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lára ewúrẹ́? Lára Angora, bẹ́ẹ̀ ni. Irun á wúwo sí i lórí òṣùwọ̀n. Èmi ò ní fi mọ síbẹ̀ bíi ti ẹni tó ń tajà, torí irun yẹn á tún máa nípọn sí i. Owó mohair sì wà nínú tín-ínrín rẹ̀. Irun ọmọ ewúrẹ́ máa ń wà ní nǹkan bíi máíkúrọ́ọ̀nù 24, ti ìyá àgbà á dé 40. Ti ọmọ ni wọ́n fi ń hun súùtù àwọn ọlọ́lá, òun ló sì ń gba owó gọbọi. Èyí tó nípọn ń lọ sí kápẹ́ẹ̀tì. Àgbẹ̀ tó bá fi oúnjẹ olówó ńlá sọ irun súùtù di irun kápẹ́ẹ̀tì ti ná owó láti fi pàdánù. Kaṣimíà ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dáhùn, torí gígùn ọ̀sán àti òru ló ń sọ fún òwú abẹ́ rẹ̀ ìgbà tó máa hù àti ìgbà tó máa dúró. Ẹni tó bá sì fi ọwọ́ líle bu methionine, tó ní kí ó lè yá, ẹran á kọ oúnjẹ, irun á tún dínkù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìwà kan tún wà lọ́wọ́ Angora tó máa ń bà mí nínú jẹ́. Ẹ mọ ẹni tó ń ra léèsì nígbà tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀? Ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí oúnjẹ ò bá tó, ewúrẹ́ mìíràn á dá irun dúró, á tọ́jú ara rẹ̀. Angora á ṣì máa hu irun. Àwọn àgbẹ̀ Gúúsù Áfíríkà mọ̀ ọ́n dáadáa: bí ebi tàbí òtútù bá mú abo tó ti lóyún fún bí oṣù mẹ́ta, oyún lè wálẹ̀, irun á sì máa hù lọ lára rẹ̀. Òjò tútù kan ṣoṣo lẹ́yìn ọjọ́ ìrẹ́run lè pa ọ̀pọ̀ nínú agbo. Nítorí náà, kó tó kan methionine, ikùn ní láti kún fún oúnjẹ tó ń fúnni lágbára. Ìgbà tó sì dára jù láti náwó sórí rẹ̀, lójú tèmi, ni òpin oyún, torí inú ìyá ni ọ̀pọ̀ ihò irun ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kan àwa gan-an ni mo fẹ́ kàn báyìí. Amino acid kan wà tó ń ṣe òdìkejì methionine: ó ń já irun dànù. Mimosine ni orúkọ rẹ̀, inú ewé igi Leucaena ló wà, ó sì ti dé Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn oníwádìí ẹran ọ̀sìn láti ILCA, nínú ọgbà ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ wa láti gbin Leucaena àti Gliricidia ní ìlà-ìlà, kí wọ́n gbin àgbàdo sáàrin wọn, kí wọ́n máa gé ewé fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ewé tó dára ni, púrótéènì inú rẹ̀ pọ̀. Bí ẹran tí kò mọ̀ ọ́n bá wá jẹ ẹ́ ní àjẹjù, mimosine á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á dá iṣẹ́ dúró ní gbòǹgbò irun, irun á sì máa jábọ́. Àwọn ará Australia tiẹ̀ gbìyànjú láti fi í rẹ́ irun àgùntàn láìlo abẹ: wọ́n á fi mimosine sínú ara ẹran, irun á sì tú lára rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń bọ́ ẹ̀wù.

Onímọ̀ kan níbẹ̀, Raymond Jones, ṣàkíyèsí pé àwọn ewúrẹ́ Hawaii ń jẹ Leucaena láìsí wàhálà. Ó wádìí rẹ̀ títí ó fi kan kòkòrò àìrí kan nínú ṣàkì wọn tó ń jẹ májèlé náà run. Wọ́n gbé e lọ sínú ṣàkì àwọn ẹran Australia ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ara àwọn yẹn náà sì gba Leucaena. Synergistes jonesii ni wọ́n sọ kòkòrò náà lẹ́yìn náà, orúkọ Jones ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣàkì tí mo ti ń bú láti àárọ̀ pé ó ń jí methionine jẹ, òun náà ló ń gba ẹran lọ́wọ́ mimosine.

Mo pe ọkùnrin náà padà lánàá. Mo sọ fún un pé ewúrẹ́ rẹ̀, ìyẹn ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa, irun rẹ̀ kúrú, ó le, kò sì sí ẹni tó ń rà á. Ó ní ṣé òun lè ra Angora wá. Mo ní ẹran ilẹ̀ gbígbẹ ni, aràn inú àti ẹrẹ̀ ìgbà òjò wa á fojú rẹ̀ rí màbo. Kí ó fi methionine sílẹ̀ fún adìyẹ tó mọ iyì rẹ̀.

Ẹ̀yin náà tí ẹ ní ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé, ohun tí mo bẹ̀ yín nìyí. Ẹ sá èèpo gbágùúdá kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi fún wọn. Ẹ bu kúlíkúlí díẹ̀ sí i fún abo tó lóyún. Bí igi Leucaena bá wà nítòsí yín, ẹ da ewé rẹ̀ pọ̀ mọ́ ewé mìíràn, kó má jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ń jẹ. Kí ẹ sì bá dókítà ẹran tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára àìsàn PPR. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran, NVRI, ní Vom ló ń ṣe é nílẹ̀ wa níbí, àìsàn tó sì ń dènà lè kó ewúrẹ́ mọ́kànlá lọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan.